Olórí ìjòyè tó fẹ́ ọbabìnrin mẹ́ta

Ìbéèrè kan wà tí àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ ní ìtàn ní Iléṣà kì í yéé bi mí: "Sà, ta ló ń ṣèjọba gan-an, ṣé ọba ni àbí ìjòyè?" Ọ̀rọ̀ Baṣọ̀run Gáà ti Ọ̀yọ́ ni mo sábà máa ń fi dá wọn lóhùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gba ìjọba lọ́wọ́ ọba yàtọ̀ sí ẹni tó ń fi èjìká gbé ìjọba tó ń wó. Fún irú ẹni kejì yìí, Madagásíkà ni mo máa ń mú wọn lọ.

Rainilaiarivony lorúkọ rẹ̀. "Bàbá Raini" làwọn ọmọ kíláàsì mi ń pè é, wọn ò mọ̀ pé "bàbá" gan-an ni Raini túmọ̀ sí, bí a ṣe ń pe ènìyàn ní Bàbá Lágbájá níbí. Ọdún 1828 ni wọ́n bí i. Wọ́n ní ọjọ́ ìbí rẹ̀ burú, wọ́n sì gé orí ìka ọwọ́ òsì rẹ̀ méjì kí ibi má bàa tẹ̀lé e wọlé. Ẹni tó bá ti rí ọmọ tí wọ́n sàmì sí lára nítorí àbíkú kò ní bi mí pé kí ló dé.

Láti 1864 dé 1895, òun ni olórí ìjòyè, òun náà ni balógun àgbà. Ó fẹ́ ọbabìnrin mẹ́ta léraléra: Rasoherina, Ranavalona Kejì àti Ranavalona Kẹta. Ẹni ọdún méjìlélógún ni ìkẹta nígbà tí wọ́n dé e ládé ní 1883. Ọkọ rẹ̀ ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ó gba ẹ̀sìn Kristi ní 1869, ó gbé ìwé òfin tó ní abala 305 jáde ní 1881, ó sì pàṣẹ kí àwọn ọmọdé lọ sílé ẹ̀kọ́. Ibi tí ọ̀pọ̀ ìwé ti ń yìn ín nìyí, n kò ní pẹ́ níbẹ̀.

Bí ẹ bá ń ka ìtàn irú ọkùnrin báyìí, ẹ wá owó kí ẹ tó wá ogun. Faransé bá a jà láti 1883 dé 1885, wọ́n sì ní kó san mílíọ̀nù mẹ́wàá owó fránkì. Kò ní in nílẹ̀. Ó yá a ní báǹkì kan ní Parisi, ó sì fi owó ibodè èbúté dúró. Ẹ̀yin tí bàbá yín ṣe Òsómàáló, ẹ mọ̀ bó ṣe ń rí: ẹni tó bá ti lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà tí owó ń gbà wọlé kò ní dìde láìgbà á.

Níbo ni owó yòókù yóò ti wá? Lára mẹ̀kúnnù. Fanompoana ni wọ́n ń pe iṣẹ́ ọba tí kò ní owó iṣẹ́. Ìjọba yóò pe àgbẹ̀ kúrò lóko ìrẹsì rẹ̀, yóò gbé oúnjẹ ara rẹ̀ dání, yóò lọ máa wa wúrà fún ìjọba. Ẹrù ìjọba náà, orí ènìyàn ló ń rìn, torí kò sí ọ̀nà kẹ̀kẹ́ ẹrù. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá kò bọ́ níbẹ̀; wọ́n ń kó wọn fún iṣẹ́ náà. Àwọn tí kò lè fara dà á mọ́ sá wọ igbó, wọ́n di olè tó ń kó abúlé.

Àwọn gómìnà tí Rainilaiarivony rán sí ẹkùn àwọn Sakalava àti àwọn ẹ̀yà mìíràn kì í gbowó oṣù, ará ìlú ni wọ́n ń jẹ. Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì kò nílò kí n túmọ̀ èyí. Ajẹlẹ̀ Ìbàdàn ni. Ní 1878, Fábùnmi ti Òkè-Ìmẹ̀sí pa ajẹlẹ̀, ogun Èkìtì Parapọ̀ sì bẹ́ sílẹ̀. Ní Madagásíkà, ọ̀tẹ̀ kò fìgbà kan gbóná tó bẹ́ẹ̀ kó tó di 1895. Ńṣe ló ń jó lábẹ́ eérú, níbí díẹ̀, lọ́hùn-ún díẹ̀, tí apá gúúsù erékùṣù náà kò sì fìgbà kan wà lábẹ́ rẹ̀ pátápátá.

Nígbà tí Faransé padà wá ní 1895, ohun tí àwọn ará Madagásíkà gbẹ́kẹ̀ lé ni Hazo àti Tazo, ìyẹn igbó àti ibà. Ibà ṣe iṣẹ́ tirẹ̀, ó pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ogun Faransé, ju èyí tí ìbọn pa lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ogun tí wọ́n fi tipátipá kó wá ti ń sá lọ. Ta ni yóò kú fún ìjọba tó fi í rẹrù lọ́fẹ̀ẹ́? Antananarivo, olú-ìlú wọn, ṣubú ní ọjọ́ 30, oṣù Kẹsàn-án. Kò ju oṣù méjì lọ tí àwọn Menalamba, aláṣọ pupa, fi dìde. Faransé ni wọ́n kọjú ìjà sí, ṣùgbọ́n wọ́n ń sun ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú. N kò lérò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn nìkan ló gbé wọn débẹ̀: ibẹ̀ náà ni ìjọba Rainilaiarivony ti ń wá ọmọ mú fún iṣẹ́ ọba.

Àwọn kan ń pe bàbá yìí ní aláìlágbára. Èmi kò gbà. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kì í ṣe eré, bẹ́ẹ̀ ni Faransé ti ń wá ilẹ̀ náà kó tó dé ipò. Àṣìṣe rẹ̀ ni pé okùn tó fi ń di ìjọba pọ̀ gan-an ló ń ge ọwọ́ àwọn tó mú un.

Wọ́n kó o lọ sí Algiers ní 1896, ó sì kú níbẹ̀ lọ́dún kan náà. Ọbabìnrin Ranavalona náà dé Algiers ní 1899 gẹ́gẹ́ bí ẹni tí wọ́n lé nílé. Wọ́n gbé òkú ọkọ rẹ̀ padà sílé ní 1900. Òun alára kò fojú kan ilé mọ́ títí tó fi kú ní 1917.