Ta ló ni "Don't Be Cruel"?

Ẹni tó bá yẹ àwo "Don't Be Cruel" wò dáadáa yóò rí orúkọ ẹni méjì tí wọ́n ní àwọn ló ṣe orin náà: Otis Blackwell àti Elvis Presley. Elvis, akọrin Amẹ́ríkà tó fi ohùn rẹ̀ gbé orin náà jáde, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n.

Ta wá ni Otis?
Ọmọ aláwọ̀ dúdú ni, Brooklyn ní New York ni wọ́n bí i sí, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930. Ó ń bá télọ̀ lọṣọ jẹun, ó sì ń kọrin. Àwo tirẹ̀ tó kọ́kọ́ gbé jáde kò mówó gidi wọlé. Lọ́jọ́ tó ṣáájú Kérésìmesì ọdún 1955, ó kó orin mẹ́fà lọ fún ilé iṣẹ́ kan, ó sì gba dọ́là 25 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. "Don't Be Cruel" wà nínú wọn.

Ṣé òun àti Elvis ló jọ ṣe é ni?
Rárá o. Otis nìkan ló ṣe é. Àwọn méjèèjì ò tilẹ̀ fojú kanra rí títí Elvis fi kú.

Báwo ni orúkọ Elvis ṣe débẹ̀?
Ọ̀rọ̀ owó ni. Òfin Amẹ́ríkà ti ọdún 1909 fi sẹ́ǹtì 2 sórí orin kan nínú àwo kọ̀ọ̀kan. Ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó ẹ̀tọ́ orin sábà máa ń mú ìdajì, ẹni tó ṣe orin a mú ìdajì tó kù. Kò sí ti akọrin níbẹ̀. Bí rédíò bá gbé orin náà pàápàá, ẹni tó ṣe é àti ilé iṣẹ́ yẹn ni wọ́n ń sanwó fún. Ẹni tí ohùn rẹ̀ ń dún kì í rí nǹkan kan. Ohun tí Colonel Tom Parker, alábòójútó Elvis, àti Hill and Range, ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó ẹ̀tọ́ orin, rí nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ kí Elvis kọ orin òun gbọ́dọ̀ yọ̀ǹda nínú owó rẹ̀. Otis fi ìdajì sílẹ̀, wọ́n sì kọ orúkọ Elvis mọ́ tirẹ̀. Sẹ́ǹtì kan rẹ̀ di ààbọ̀.

Kí ló dé tó gbà?
Ọdún 1956 ni Elvis gbé e jáde. Orin náà àti "Hound Dog" tó wà lójú kejì àwo náà jókòó sí ipò kìíní láàárín àwọn orin tó ń tà ní Amẹ́ríkà fún ọ̀sẹ̀ 11. Ààbọ̀ owó bẹ́ẹ̀ ju odindi owó orin tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ lọ, nítorí náà mi ò bá Otis wí. Àwọn tó gba orúkọ mọ́ owó ni mo bá wí. Wọ́n ì bá pín owó, kí wọ́n fi iṣẹ́ oníṣẹ́ sílẹ̀ fún oníṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe "All Shook Up" lọ́dún 1957. Nígbà tí "Return to Sender", tí Elvis tún kọ, fi máa dé ní 1962, orúkọ Otis àti Winfield Scott nìkan ló wà níbẹ̀.

Ṣé owó nìkan ni Elvis rí gbà?
Ó tún gba bátànì. Otis fúnra rẹ̀ ló máa ń kọ orin sínú àwo àpẹẹrẹ tí wọ́n ń gbé fún Elvis. Elvis á gbọ́ ọ, á sì tẹ̀ lé bó ṣe ń fa ohùn àti bó ṣe ń já ọ̀rọ̀. Ìtàn ò tíì sọ apá yìí tó.

"Fever" ńkọ́? Orúkọ John Davenport ni mo rí níbẹ̀.
Otis náà ni. Àdéhùn rẹ̀ pẹ̀lú ilé iṣẹ́ mìíràn kò tíì parí, ló bá yá orúkọ ọkọ ìyá rẹ̀ lò. Òun àti Eddie Cooley ló ṣe é. Little Willie John kọ ọ́ ní 1956, Peggy Lee ní 1958.

Ṣé wọ́n yẹ́ ẹ sí?
Wọ́n yẹ́ ẹ sí, ṣùgbọ́n ó pẹ́. Elvis àti Jerry Lee Lewis, tí Otis àti Jack Hammer ṣe "Great Balls of Fire" fún, wọ Rock and Roll Hall of Fame, ilé tí wọ́n ti ń yẹ́ àwọn àgbà olórin rock and roll sí, ní 1986. Otis kú ní Nashville ní 2002. Ọdún 2010 ni wọ́n tó fi orúkọ tirẹ̀ síbẹ̀.