Keystone, Lamp Hours àti àwọn ẹgbẹ́ wọn: kí ni mẹ́nù projector ń sọ gan-an?

Ẹni tó bá kọ́kọ́ tẹ Menu lórí rìmóòtù projector ilé á rí ọ̀rọ̀ lóríṣiríṣi tó tò tẹ̀lé ara wọn: Keystone, Projection, High Altitude, Lamp Hours, Panel Alignment. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣe ni kí wọ́n máa tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò títí àwòrán á fi jọ ohun tí wọ́n ń fẹ́. Ìbéèrè kan wà tó ń là mí lójú nídìí gbogbo wọn: tí mo bá tẹ èyí, ṣé nǹkan kan máa sún ní ti gidi nínú ẹ̀rọ yìí, àbí ìṣirò lásán ni ẹ̀rọ máa ṣe? Ibi tí nǹkan ti ń sún, mo máa ń lò ó fàlàlà. Ibi tó jẹ́ ìṣirò, mo máa ń ṣọ́ra.

Keystone ni wọ́n ń ṣì lò jù. Ọ̀dọ̀ àwọn mọlémọlé ni orúkọ yẹn ti wá. Tí wọ́n bá fi òkúta mọ ẹnu ọ̀nà tí orí rẹ̀ tẹ̀ bí òṣùmàrè, òkúta kan máa ń wà láàárín gbùngbùn òkè tó ń há àwọn yòókù mọ́ra kí wọ́n má baà já. Orí òkúta yìí fẹ̀, ìdí rẹ̀ tín-ín-rín. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwòrán máa ń rí lára ògiri tí a bá gbé projector sórí tábìlì tó rẹlẹ̀, tí a wá gbé imú rẹ̀ sókè. Ìmọ́lẹ̀ tó ń lọ sí òkè ògiri rìn jìnnà ju èyí tó ń lọ sí ìsàlẹ̀ lọ, bí ìmọ́lẹ̀ sì ṣe ń rìn ló ń fẹ̀. Ìdí nìyẹn tí òkè àwòrán fi gbòòrò ju ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ.

Mẹ́nù á ní òun lè tún un ṣe, ó sì lè jẹ́ kí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gún lóòótọ́. Ẹ wo bó ṣe ń ṣe é ná. Projector tí wọ́n ń pè ní 1080p ní píksẹ́lì, ìyẹn ẹyọ ìmọ́lẹ̀ wínníwínní tí àwòrán fi ń jáde, 1,920 ní ìbú àti 1,080 ní òró. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 2,073,600. Keystone kì í sún gíláàsì kankan. Ó kàn ń fún apá tó fẹ̀ jù mọ́ra ni. Tí ìlà òkè bá ní láti kéré dé 1,600 kó tó lè dọ́gba pẹ̀lú ti ìsàlẹ̀, á kó ohun tó yẹ kó gba píksẹ́lì 1,920 sínú 1,600, á sì pa àwọn tó kù lẹ́gbẹ̀ẹ́. Lẹ́tà wẹ́wẹ́ á máa ṣe bàìbàì, ìlà tín-ín-rín á rí ségesège. Ibi tó pa yẹn gan-an kì í dúdú tán, nítorí projector kì í lè dí gbogbo ìmọ́lẹ̀ pa. Tí fíìmù bá dé ibi òkùnkùn, ẹ máa rí nǹkan aláwọ̀ eérú kan tó yọ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán.

Lens Shift yàtọ̀ sí èyí pátápátá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n sábà máa ń wà lójú ìwé kan náà nínú mẹ́nù. Lẹ́ǹsì, gíláàsì tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà jáde, fúnra rẹ̀ ló ń sún sókè, sísàlẹ̀, sọ́tùn-ún tàbí sósì nínú ẹ̀rọ. Àwòrán á gun ògiri lọ sókè nígbà tí ara projector ṣì jókòó pẹrẹsẹ, píksẹ́lì kankan kò sì ní sọnù. Kì í ṣe gbogbo projector ló ní in. Tí tiyín bá ní in, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lò ó kí ẹ tó rántí pé Keystone wà láyé.

Irú ìyàtọ̀ yìí náà wà láàárín Zoom méjì, ohun tó ń mú kí àwòrán tóbi tàbí kó kéré. Èyí tí ẹ ń fi ọwọ́ yí lára lẹ́ǹsì, tàbí tí mọ́tò kékeré ń bá yín yí, ń sún gíláàsì. Èyí tí mẹ́nù ń pè ní Digital Zoom ń gé àwòrán tàbí ń fún un mọ́ra ni. Nítorí náà, ọwọ́ àti téèpù ìwọnlẹ̀ ló yẹ kó ṣiṣẹ́ ṣáájú mẹ́nù. Nínú ìwé tó bá projector wá, ẹ máa rí nọ́ńbà kan tí wọ́n ń pè ní throw ratio: ó jẹ́ jíjìnnà projector sí ògiri tí a fi ìbú àwòrán pín. Tó bá jẹ́ 1.5, tí ẹ sì fẹ́ kí àwòrán fẹ̀ tó mítà 2, mítà 3 ni kí lẹ́ǹsì jìnnà sí ògiri. Ẹ gbé e síbẹ̀, kí ojú lẹ́ǹsì kọ ògiri gbọnrangandan, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ dọ́gba. Lẹ́yìn náà ni Zoom, lẹ́yìn rẹ̀ Lens Shift, lẹ́yìn rẹ̀ Focus. Tí àyè ilé kò bá gbà yín rárá, ẹ wá fi Keystone díẹ̀ parí rẹ̀. Díẹ̀ ni mo sọ.

Focus, ìyẹn mímú kí àwòrán já gaara, ní tirẹ̀ ń fẹ́ sùúrù. Lẹ́ǹsì tó tutù àti lẹ́ǹsì tó ti móoru kì í ríran bákan náà, torí náà ẹ jẹ́ kí projector tàn tó ìṣẹ́jú 20 sí 30 kí ẹ tó mú un. Ẹ tan Test Pattern, àwòrán onílà tó ń gba ara wọn kọjá bí àwọ̀n, kí ẹ wo àárín rẹ̀ àti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Tí àárín bá já gaara tí igun kan sì ń ṣe bàìbàì, ó ṣeé ṣe kí projector má kọjú sí ògiri dáadáa.

Projection kò le. Front túmọ̀ sí pé projector àti òǹwòran wà níwájú aṣọ àwòrán. Rear, projector wà lẹ́yìn aṣọ tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá. Ceiling jẹ́ fún èyí tí wọ́n dorí rẹ̀ kodò sí àjà. Tí ẹ bá ṣèèṣì yan èyí tí kò yẹ, lẹ́tà mẹ́nù fúnra rẹ̀ á yí sódì tàbí kó dorí kodò. Ẹ má bẹ̀rù. Ẹ̀rọ kò bàjẹ́.

Video Range, tí àwọn mìíràn ń pè ní HDMI Range, ti mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn bú projector tí kò jẹ̀bi. Ìwọ̀n dúdú sí funfun ni. Fíìmù sábà máa ń pe dúdú ní 16, á sì pe funfun ní 235. Kọ̀ǹpútà a máa ka tirẹ̀ láti 0 dé 255. Tí ẹ̀rọ tó ń fi fíìmù ránṣẹ́ bá ń sọ ti 16, tí projector ń retí 0, dúdú kò ní dúdú tó, gbogbo àwòrán á dà bí ẹni pé kùrukùru bò ó. Tó bá jẹ́ òdìkejì, ohun tó wà nínú òjìji á rì, ẹ kò ní í rí aṣọ dúdú yàtọ̀ sí irun orí. Ẹ jẹ́ kí ẹnu ẹ̀rọ méjèèjì kò.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sí apá ìtọ́jú. Ìṣirò pọ̀ níbẹ̀ ju bí èèyàn ṣe rò lọ. Lamp Hours kì í wọn agbára gílóòbù. Ó kàn ń ka wákàtí ni, ohun tí ẹ bá sì sọ fún un ló máa gbà gbọ́. Nígbà kan, ìkìlọ̀ gílóòbù ń yọ sí mi lójú ní gbogbo ìgbà tí mo bá tan projector mi. Mo wọ inú mẹ́nù, mo rí Reset Lamp Hours, mo tẹ̀ ẹ́. Ìkìlọ̀ náà lọ. Gílóòbù àtijọ́ ṣì ni gílóòbù inú rẹ̀, ẹ̀rọ náà sì ti gbà pé tuntun ni. Láti ọjọ́ yẹn, èmi àti ẹ̀rọ náà, kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ orí gílóòbù yẹn mọ́. Ó dùn mí nígbà tó yá, nítorí pé àwòrán ń ṣókùnkùn díẹ̀díẹ̀, ojú mi sì ń bá a rìn, n kò tètè fura.

Wákàtí tí wọ́n ń kọ fún gílóòbù, 3,000 sí 5,000 fún ọ̀pọ̀ wọn, sábà máa ń túmọ̀ sí ìgbà tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á ti dín dé ìdajì. Ẹni tó ń wo fíìmù fún wákàtí 4 lójúmọ́ á lo gílóòbù oníwákàtí 4,000 tán ní ọjọ́ 1,000, kò tíì pé ọdún mẹ́ta. Eco máa ń dín iná rẹ̀ kù, ó ń fa ẹ̀mí rẹ̀ gùn, fáànù á sì rọra ké. Gílóòbù tó ti gbó kọjá ààlà lè fọ́ nínú ẹ̀rọ, mercury, tó jẹ́ májèlé, sì wà nínú irú gílóòbù bẹ́ẹ̀. Torí náà, ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ jẹ́ kó tutù fún nǹkan bíi wákàtí kan, ẹ pààrọ̀ gílóòbù láì fọwọ́ kan gíláàsì rẹ̀, lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá tẹ Reset. Àwọn projector oníléésà kò ní gílóòbù tí à ń pààrọ̀. Wákàtí 20,000 ni wọ́n sábà máa ń kọ fún tiwọn.

Àsẹ́ afẹ́fẹ́ náà ní aago tirẹ̀, aago yìí kò sì lójú. Kò rí eruku rárá. Ẹni tí yàrá rẹ̀ ń kó eruku kò gbọ́dọ̀ dúró dìgbà tí ìkìlọ̀ máa yọ. Tí àsẹ́ bá dí, ooru kò rí ọ̀nà jáde, fáànù á máa ké kíkankíkan, ẹ̀rọ lè pa ara rẹ̀ lójijì. Ẹ fa eruku rẹ̀ jáde jẹ́jẹ́. Ẹ má fi omi kàn án àfi tí ìwé rẹ̀ bá ní kí ẹ fọ̀ ọ́.

High Altitude wà fún ibi tó ga, tó fi nǹkan bíi mítà 1,500 ga ju òkun lọ. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fẹ́lẹ́, kò lè gbé ooru dáadáa, torí náà mẹ́nù á ní kí fáànù sáré sí i. Èyí jẹ́ iṣẹ́ gidi. Tí ilé yín bá rẹlẹ̀, ariwo lásán lẹ máa fi ṣe èrè.

Panel Alignment wà fún projector tó ń lo pánẹ́ẹ̀lì mẹ́ta, ìyẹn awẹ́ kékeré tí àwòrán ti ń wá nínú ẹ̀rọ: pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Tí wọn kò bá bára mu, lẹ́tà funfun á ní òjìji pupa tàbí búlúù lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ jókòó síbi tí ẹ ti ń wo fíìmù kí ẹ tó pinnu. Tí ẹ kò bá rí òjìji náà láti ibẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀, torí ìṣirò ni èyí náà.

Reset All ló gbẹ̀yìn nínú ọ̀pọ̀ mẹ́nù, òun sì ni ọwọ́ máa ń yá sí tí inú bá bí èèyàn. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Gbogbo ètò tí ẹ fi ìrọ̀lẹ́ odindi kan ṣe ló máa gbé lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nínú ọ̀pọ̀ projector kì í fọwọ́ kan Lamp Hours. Kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, ẹ ṣí Information, ojú ìwé tí a kì í yí nǹkan kan padà lórí rẹ̀, kí ẹ fi fóònù ya wákàtí gílóòbù àti nọ́ńbà firmware, ìyẹn ètò tó ń darí ẹ̀rọ náà láti inú. Ẹ ya ojú ìwé Video Range, Projection àti Keystone náà, kí ẹ wá máa wo fọ́tò náà bí ẹ bá ń tò wọ́n padà.