Bí ẹni tí kò ríran ṣe ń kó ohùn inú kásẹ́ẹ̀tì sínú kọ̀ǹpútà

Nínú ọ̀pọ̀ ilé ní Èkìtì, páálí kásẹ́ẹ̀tì ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì: ìyá àgbà tó ń lé alámọ̀ níbi òkú, ìwàásù, ọ̀rọ̀ tí ọmọ tó wà lókè òkun gbà sílẹ̀ ránṣẹ́ sílé. Púpọ̀ nínú àwọn tó ni ohùn náà ti di ará ọ̀run. Ẹni tí kò ríran lè fúnra rẹ̀ kó wọn sínú kọ̀ǹpútà, torí iṣẹ́ ọwọ́ àti etí ni.

Létí kásẹ́ẹ̀tì, ní òdìkejì ibi tí téèpù ti hàn síta, ike pélébé kan wà ní igun kọ̀ọ̀kan. Bí ìka bá bá a níbẹ̀, a jẹ́ pé ẹni tó bá ṣèèṣì tẹ bọ́tìnì ìgbohùnsílẹ̀ lè pa ohùn ìyá àgbà rẹ́. Kí wọ́n ṣẹ́ ike méjèèjì kúrò; ihò tó bá kù ni ìka yóò fi mọ̀ pé ewu ti kọjá. Téèpù tó bá dẹ̀, bírò onígun mẹ́fà ni wọ́n ń kì bọ ihò rẹ̀, tí wọ́n á rọra yí i títí yóò fi le.

Wáyà kan ló ń so ihò hẹ́dífóònù rẹ́díò tó ń lu kásẹ́ẹ̀tì mọ́ ihò tí ohùn ń gbà wọ kọ̀ǹpútà. Ó dára kí àwọn méjèèjì lo bátìrì, torí iná ìjọba àti jẹnẹrétọ̀ máa ń bá ohùn wọlé, hùùù, bí oyin nínú agbè.

Audacity, ètò orí kọ̀ǹpútà kan, ló ń gba ohùn sílẹ̀. NVDA, tí Michael Curran, ọmọ Ọsirélíà tí kò ríran, bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2006, ló ń ka ojú kọ̀ǹpútà sétí. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. R ni wọ́n ń tẹ̀ láti bẹ̀rẹ̀, wọ́n á tẹ Space láti dúró.

Ibi tó ṣòro ni ìwọ̀n tó ń fò sókè sódò lójú kọ̀ǹpútà, èyí tó ń sọ bóyá ohùn ti pọ̀ jù. Ọgbọ́n rẹ̀ rèé: kí wọ́n gba ìṣẹ́jú kan sílẹ̀ níbi tí ohùn ti ròkè jù, bóyá ibi tí gbogbo obìnrin ti ń gbe orin. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n tẹ Ctrl+A láti mú gbogbo rẹ̀, kí wọ́n ṣí Amplify nínú àkójọ Effect ti Audacity, kí wọ́n fetí sí nọ́ńbà tí NVDA kà. Bó bá jẹ́ 0, ohùn ti kan àjà, ó ti fàya. Kí wọ́n dín ohùn rẹ́díò kù. Bó bá wà láàárín 3 sí 6, ó ṣe é. Kí wọ́n tẹ Escape láti jáde, iṣẹ́ gidi bẹ̀rẹ̀.

Tí ohùn NVDA bá ń bá orin wọlé, ihò tí wọ́n yàn nínú Audacity kọ́ ló yẹ. "Stereo Mix" ni wọ́n yàn, tó ń gba gbogbo ohun tí kọ̀ǹpútà ń sọ.

Kásẹ́ẹ̀tì C60 ń lo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójú kan, kò sì sí bí wọ́n ṣe lè yára sí i. Bí orin bá yí, kí wọ́n tẹ Ctrl+M láti fi àmì síbẹ̀, kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tó ń lé e, kí wọ́n tẹ Enter. Ctrl+Shift+E ló ń sọ ọ́ di fáìlì; WAV, irú fáìlì ohùn kan, ń gba bíi 10 MB ní ìṣẹ́jú kan. Kásẹ́ẹ̀tì náà, kí wọ́n dá a padà sínú páálí.