Bí Orin Ìpadàbọ̀ Odysseus Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Ọdún mẹ́wàá ni Odysseus, ọba erékùṣù Ithaca, fi jagun ní ìlú Troy. Ọdún mẹ́wàá mìíràn ni ó fi wá ọ̀nà ilé lórí òkun. Kí ó tó dé, àwọn ọkùnrin 108 ti ya bo ààfin rẹ̀. Wọ́n ń pa ẹran rẹ̀ jẹ, wọ́n ń mu ọtí rẹ̀, wọ́n ní dandan ni kí Penelope ìyàwó rẹ̀ mú ọ̀kan nínú àwọn fi ṣe ọkọ. Odysseus wọlé bí alágbe, ó fa ọrun tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò lè fà, ó sì gba ilé rẹ̀ padà. Inú ìwé ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti bá ìtàn yìí pàdé, ìwé Odyssey tí ìlà rẹ̀ lé ní 12,000. Àmọ́ inú ìwé kọ́ ni wọ́n bí i sí. Ẹnu àwọn apohùn ni ó ti wá, wọ́n ń kọ ọ́ sí dùùrù níbi àsè, ṣáájú kí ẹnikẹ́ni tó fi kálámù kàn án. Bí ó ṣe ti ẹnu bọ́ sórí ìwé ni mo fẹ́ sọ, torí mo gbà pé ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ìdajì adùn orin náà ni ó ń jẹ.

Ohun àkọ́kọ́ ni pé Odysseus nìkan kọ́ ló ní orin ìpadàbọ̀. Gbogbo àwọn ọ̀gágun tó lọ sí Troy ni wọ́n ní tiwọn. Agamemnon, olórí ogun, gúnlẹ̀ láìséwu, ìyàwó rẹ̀ Clytemnestra àti Aegisthus àlè rẹ̀ sì pa á. Ìjì gbé Menelaus àbúrò rẹ̀ dé Íjíbítì, ọdún kẹjọ ni ó tó fojú kan ilé. Ajax ọmọ Oileus fọ́nnu sí àwọn òrìṣà lórí àpáta, Poseidon, òrìṣà òkun, la àpáta náà, omi sì gbé e lọ. Nestor arúgbó ni ìrìn rẹ̀ rọrùn. Ohun tó fà á tí ìyà fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ni pé àwọn ajagun náà ba ojúbọ jẹ́ lálẹ́ ọjọ́ tí Troy ṣubú, inú sì bí Athena, òrìṣà tó ni ojúbọ náà. Ewì kan wà láyé àtijọ́ tó kó gbogbo ìpadàbọ̀ yìí pọ̀. Ó ti sọnù, àkékúrú rẹ̀ nìkan ló kù. Nígbà tí apohùn bá wá bẹ̀rẹ̀ ti Odysseus, àwọn tó ń gbọ́ ti mọ ti Agamemnon, wọ́n ti ń ro ó lọ́kàn wọn pé: irú ìyàwó wo ló ń dúró de eléyìí nílé? Inú ìbéèrè yẹn ni gbogbo orin náà ti ń mí.

Báwo ni orin yìí ṣe pẹ́ tó? Ní nǹkan bí ọdún 1200 ṣáájú ìbí Jésù, iná jó ọ̀pọ̀ ààfin ńlá tó wà ní Gíríìsì, Mycenae àti Pylos pẹ̀lú. Àwọn akọ̀wé ààfin wọ̀nyẹn ní irú ìkọ̀wé kan tí à ń pè ní Linear B. Nígbà tí Michael Ventris rí ojútùú rẹ̀ ní 1952, tí a sì lè ka àwọn wàláà alámọ̀ náà, àkọsílẹ̀ ẹrù ààfin ló kún inú wọn: iye àgùntàn, òróró, idẹ, àti táyà kẹ̀kẹ́ ogun. Orin kan ṣoṣo kò sí níbẹ̀. Bí ààfin ṣe jóná ni ìkọ̀wé náà pa rẹ́, ilẹ̀ Gíríìsì sì wà fún ọgọ́rùn-ún ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin láìsí ẹni tó mọ̀wé kọ níbẹ̀.

Síbẹ̀, ohun kan la iná náà já. Nínú Iliad, orin ogun Troy, tí wọ́n gbà pé òun àti Odyssey ni Homer, akéwì àtijọ́ nì, ni, Odysseus fẹ́ lọ ṣe amí lóru, ẹnì kan sì wá àṣíborí dé e lórí. Awọ ni àṣíborí náà, okùn awọ ni wọ́n fi hun inú rẹ̀ le, wọ́n sì to eyín ìmàdò funfun sí ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, pẹ́kípẹ́kí. Irú àṣíborí bẹ́ẹ̀ ti kúrò lóde fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kí a tó kọ Iliad sílẹ̀. Àwọn awalẹ̀pìtàn ti hú u jáde nínú sàréè àtijọ́, bí orin ṣe ṣàpèjúwe rẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n bá a. Ta ló ń rántí rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí kò sí ìwé? Àwọn apohùn ni. Kì í kúkú ṣe pé gbogbo ohun tí wọ́n sọ ló jẹ́ ti ayé àwọn ààfin yẹn. Nínú orin, iná ni wọ́n fi ń sun òkú akọni, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ṣe ni àwọn ará Mycenae ń sin òkú wọn. Bí ìran ṣe ń gba orin lọ́wọ́ ìran ni wọ́n ń fi ohun tí ojú tiwọn rí kún un.

Irú ènìyàn wo ni àwọn apohùn náà? Orin ọ̀hún fúnra rẹ̀ sọ fún wa, ibi tí mo sì fẹ́ràn jù nínú rẹ̀ nìyẹn. Ní ìlú àwọn Phaeacian, níbi tí omi gbé Odysseus jù sí, wọ́n pe Demodocus wá sí àsè. Afọ́jú ni. Muse, òrìṣà orin, gba ojú lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi orin rọ́pò. Akéde fà á lọ́wọ́ wọlé, ó gbé àga tí wọ́n fi fàdákà ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ kalẹ̀ fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó. Ó fi dùùrù kọ́ sára èèkàn lókè orí rẹ̀, ó sì fi hàn án bí yóò ṣe na ọwọ́ mú un. Ó gbé tábìlì àti apẹ̀rẹ̀ oúnjẹ síwájú rẹ̀, pẹ̀lú ife wáìnì tí yóò máa mu nígbà tí ọ̀nà ọ̀fun bá gbẹ. Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ apohùn kò lè rántí àtifi èèkàn dùùrù han afọ́jú. Nígbà tó yá, Odysseus, tí kò tíì sí ẹni tó mọ orúkọ rẹ̀ níbẹ̀, gé ẹ̀yìn ẹlẹ́dẹ̀ tó lọ́ràá, ó ní kí wọ́n gbé e fún Demodocus, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ orin ẹṣin onígi tí àwọn fi wọ Troy.

Demodocus kọ ọ́. Odysseus bú sẹ́kún. Orin ní ó sunkún bí obìnrin tó dì mọ́ òkú ọkọ rẹ̀ tó ṣubú níwájú odi ìlú, tí àwọn ọ̀tá ń fi ọ̀kọ̀ gún un lẹ́yìn pé kó dìde, kó máa bọ̀ lóko ẹrú. Ohun tí Odysseus àti àwọn ènìyàn rẹ̀ fi ojú àwọn obìnrin Troy rí gan-an nìyẹn. Omijé ẹni tí wọ́n ṣẹ́gun ni apohùn fi sójú aṣẹ́gun, kò sì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ó kàn ń bá orin rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn èyí ni Odysseus sọ orúkọ ara rẹ̀, tó sì ròyìn ìrìn àjò rẹ̀ fúnra rẹ̀ láti alẹ́ títí lọ: òmìrán olójú kan, Circe tó sọ ọkùnrin di ẹlẹ́dẹ̀, ìlú àwọn òkú, àwọn Siren tí orin wọn ń fa atukọ̀ sí ikú. Alcinous, ọba àwọn Phaeacian, kan sáárá sí i pé bí apohùn tó mọṣẹ́ ni ó ṣe sọ ọ́.

Apohùn kejì ni Phemius, tó wà ní Ithaca. Orin ìpadàbọ̀ àwọn ọmọ ogun ni a kọ́kọ́ bá lẹ́nu rẹ̀. Penelope sọ̀ kalẹ̀ wá tẹkúntẹkún, ó ní kó fi orin yẹn sílẹ̀, kó kọ òmíràn. Telemachus ọmọ rẹ̀ ní kí ìyá òun fi í sílẹ̀, pé orin tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni etí ènìyàn ń fẹ́ jù. Nígbà tí Odysseus wá ń pa àwọn tó ya bo ilé rẹ̀, Phemius dì mọ́ orúnkún rẹ̀. Ó ní ẹnikẹ́ni kò kọ́ òun, òrìṣà ló gbin orin oríṣiríṣi sọ́kàn òun. Telemachus bá a bẹ̀bẹ̀, wọ́n sì dá ẹ̀mí rẹ̀ sí.

Ní ọ̀rúndún kẹjọ ṣáájú ìbí Jésù, àwọn ará Gíríìsì yá ábídí lọ́wọ́ àwọn ará Fòníṣíà, wọ́n fi lẹ́tà fáwẹ̀lì kún un, ó sì wá ṣeé ṣe láti kọ ìró ewì sílẹ̀ bí ó ṣe ń jáde lẹ́nu. Ní 1954, wọ́n hú ife amọ̀ kan jáde ní erékùṣù Ischia, ní Ítálì, tó ti wà láti ìparí ọ̀rúndún yẹn. Ìlà mẹ́ta ni wọ́n fín sí i lára, ó dárúkọ Nestor, ó sì ní ẹni tó bá fi ife yìí mutí, òòfà ìfẹ́ Aphrodite yóò mú un lójú ẹsẹ̀. Ìlà méjì nínú rẹ̀ wà lórí ìwọ̀n ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà tí Homer ń lò, ìyẹn ìlà tí ìró rẹ̀ pín sí ọ̀nà mẹ́fà. Ábídí kò tíì dàgbà rárá, àwọn ènìyàn ti ń fi tàkúrọ̀sọ ewì.

Mi ò ní pẹ́ lórí ìyókù. Ní Athens, wọ́n ń ké àwọn orin Homer níbi ọdún Panathenaia. Ìtàn àtijọ́ kan ní Hipparchus ọmọ Peisistratos ló pàṣẹ pé kí akéwì kan máa gbà á níbi tí èkejì bá ti dákẹ́. Ní Alexandria, ní Íjíbítì, àwọn onímọ̀ yẹ àwọn ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ wò sára wọn. Méjì nínú wọn, Aristophanes ará Byzantium àti Aristarchus, ní ibi tí Odysseus àti Penelope ti jọ wọ orí ibùsùn wọn ni orin náà parí sí. Iye lẹ́tà ábídí Gíríìkì, 24, ni iye apá tí a pín in sí. Ní ọ̀rúndún kẹta ṣáájú ìbí Jésù, Livius Andronicus sọ ọ́ di èdè Látìnì fún àwọn ará Róòmù. Ní 1488, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tẹ̀ ẹ́ jáde lédè Gíríìkì fún ìgbà àkọ́kọ́, ní ìlú Florence.

Bí ó ṣe pẹ́ nínú ìwé tó ni àwọn ènìyàn ń gbàgbé ẹnu tó ti wá. Ní 1795, Friedrich August Wolf, onímọ̀ ará Jámánì, ní ẹni tí kò mọ̀wé kọ kò lè dá ṣe orin tó gùn tó báyìí, pé àwọn orin kéékèèké ni wọ́n so pọ̀. Àríyànjiyàn yẹn kò tán títí Milman Parry fi dé. Wọ́n bí Parry ní Amẹ́ríkà ní 1902, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Paris ní 1928. Oríkì ló gbájú mọ́. Kí ló dé tí Odysseus fi máa ń jẹ́ “ẹni ọlọ́gbọ́n púpọ̀” níbí, tó tún jẹ́ “ẹni tó fara da púpọ̀” lọ́hùn-ún? Parry fi hàn pé oríkì kọ̀ọ̀kan bá ìwọ̀n àyè kan mu nínú ìlà: bí àyè tó kù bá gùn, eléyìí ni apohùn yóò fà yọ, bí ó bá kúrú, tọ̀hún ni. Ó ṣọ̀wọ́n kí akọni kan ní oríkì méjì fún ìwọ̀n kan náà. Ẹnì kan ṣoṣo kò lè jókòó ṣe irú ètò bẹ́ẹ̀. Ìran lórí ìran ló tò ó jọ, kí orin má baà há mọ́ni lẹ́nu níwájú èrò.

Parry kò fi mọ lórí ìwé. Láàárín 1933 sí 1935, ó lọ sí Yugoslavia, níbi tí àwọn apohùn ṣì ti ń kọ orin ogun sí gusle, irú gòjé olókùn kan. Ní ìrìn àjò ẹlẹ́ẹ̀kejì, Albert Lord akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ bá a lọ. Orí àwo alumíníọ̀mù ni wọ́n ń gba ohùn sí. Wọ́n bá orin ìpadàbọ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú: ọkọ tó pẹ́ nígbèkùn, tó wọlé bí alágbe lásìkò tí wọ́n fẹ́ fi ìyàwó rẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Ní Bijelo Polje ni wọ́n ti pàdé Avdo Međedović, alápatà tí kò mọ̀wé kà. Orin kan ṣoṣo tó pè fún akọ̀wé wọn lé ní 12,000 ìlà, ó sún mọ́ Odyssey ní gígùn. Parry wá dán an wò. Ó ní kí apohùn mìíràn, Mumin Vlahovljak, kọ orin kan tí Avdo kò gbọ́ rí, kí Avdo sì jókòó tì í. Nígbà tí Mumin parí ní ìlà 2,294, Parry yíjú sí Avdo, ó bi í bóyá ó lè kọ ọ́. Avdo yin Mumin, ó ní orin dáadáa ni. Ó wá gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ìtàn kan náà ni, àwọn ènìyàn inú rẹ̀ kò yí padà, ṣùgbọ́n Avdo ṣe ẹṣin lọ́ṣọ̀ọ́, ó wọ aṣọ fún akọni, ó sọ ohun tó wà lọ́kàn ọmọkùnrin tí ojú tì láwùjọ. Nígbà tó fi dákẹ́, ó ti di ìlà 6,313.