Owó pépà tó wà lápò yín, ṣó lè ju iye ara ẹ̀ lọ?

Ó lè jù ú lọ, àmọ́ kò wọ́pọ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé tówó bá ṣáà ti pẹ́, ó ti di ohun iyebíye nìyẹn, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, torí ₦100 tí wọ́n ṣe lọ́dún 2014 fún ọgọ́rùn-ún ọdún Nàìjíríà, tó bá ti rún, tó ti dọ̀tí lọ́wọ́ àwọn kọ̀ńdọ́, ₦100 náà ló ṣì jẹ́.

Nọ́ńbà làwọn tó ń ṣa owó jọ kọ́kọ́ máa ń wò. Ẹ gbé náírà kan wò, lẹ́tà ló sábà máa ń ṣáájú, díjíìtì mẹ́fà ló sì sábà máa ń gbẹ̀yìn, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Tí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bá jẹ́ ọ̀kan náà, bíi 777777, ẹ má ná an o, mẹ́sàn-án péré ló ń rí bẹ́ẹ̀ nínú mílíọ̀nù kan. 000001 náà wọ́n, 123456 náà dáa. Àmọ́ èyí téèyàn lè kà láti iwájú tàbí láti ẹ̀yìn tí ò ní yàtọ̀, bíi 482284, tó ẹgbẹ̀rún kan nínú mílíọ̀nù, ìdí nìyẹn tí iye ẹ̀ kì í fi í fò sókè.

Ká tiẹ̀ ní nọ́ńbà dáa, bówó bá ti ká, iye ẹ̀ ti já wálẹ̀ nìyẹn. Ẹ gbé e dẹ̀gbẹ́ síbi ìmọ́lẹ̀ iná, ìlà tín-ín-rín kan tó dá a sí méjì láàárín ti tó láti bà á jẹ́ lójú àwọn tó ń ṣa owó jọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́, ẹ má lẹ sẹ́lòtéèpù mọ́ ọn, ṣe lẹ tún ń dá kún un.

Àṣìṣe ìtẹ̀wé náà máa ń mówó wọ́n, bíi kí ẹ̀gbẹ́ kan má ní nọ́ńbà, àmọ́ ilé iṣẹ́ tó ń tẹ owó ló gbọ́dọ̀ ti ṣẹlẹ̀. Àwọn owó rọ́bà tí àwọ̀ wọn ti ṣí yẹn kì í ṣe àṣìṣe, lílò ló sọ wọ́n dà bẹ́ẹ̀.

Ohun kan tún wà tọ́pọ̀ èèyàn ò mọ̀: abala 21 nínú òfin CBN ti 2007 ka títa náírà sí ẹ̀ṣẹ̀, ẹ̀wọ̀n tí ò dín lóṣù mẹ́fà, tàbí owó ìtanràn tí ò dín ní ₦50,000, tàbí méjèèjì. Iye tẹ́ ẹ sì ń rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, iye tí ẹni tó ń tà fẹ́ gbà ló sábà máa ń jẹ́, kì í ṣe iye tí ẹnikẹ́ni san. Ẹni tó bá ní òun máa ra ₦20 yín ní mílíọ̀nù, tó wá ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fowó ránṣẹ́ fi rẹ́jístà, olè ni.