Ibi tí Èèwọ̀ Ọ̀ṣun Dé, àti Ibi tí Kò Dé

Ọ̀pọ̀ ló gbà pé ẹ̀rù òrìṣà ni kò jẹ́ kí Igbó Ọ̀ṣun nílùú Òṣogbo pa run, nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn igbó ńlá gúúsù Nàìjíríà ti di oko àti ilé. Ọ̀rọ̀ yìí a máa bí ni nínú, torí ó fi iṣẹ́ ọwọ́ èèyàn pamọ́. Èèwọ̀ mẹ́ta ló ń ṣọ́ igbó náà: a kì í pẹja níbẹ̀, a kì í dẹ̀gbẹ́, a kì í gé igi. Ṣùgbọ́n èèwọ̀ tí kò lẹ́ni tó ń ṣọ́ ọ kò lágbára. Ojúbọ mẹ́sàn-án ló wà létí odò, wọ́n sì ní àwòrò àti ìyálórìṣà tó ń bójú tó wọn. Ẹni tó ń lọ síbi ojúbọ déédéé ló ń tètè rí kùkùté tuntun àti pańpẹ́ tí wọ́n dẹ sínú koríko, òun náà ló sì mọ bí ẹjọ́ ṣe ń dé ààfin Àtáọ́ja, ọba Òṣogbo.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín 1950 sí 1960. Àwọn àwòrò fi ojúbọ sílẹ̀, Ọ̀ṣun ò kúrò níbẹ̀, síbẹ̀ àwọn èèyàn gé igi, wọ́n pẹja, wọ́n pẹran. Ẹ̀ka ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ igbó gan-an gbin igi tíìkì síbẹ̀. Ewé tíìkì fẹ̀: ó ṣíji bo ilẹ̀ débi pé koríko kì í fi bẹ́ẹ̀ hù lábẹ́ rẹ̀, ẹ̀kán òjò ńláńlá tó ń já bọ́ lára ewé náà á sì máa gbẹ́ erùpẹ̀ lọ. Susanne Wenger, oníṣẹ́ ọnà ará Austria tí wọ́n ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, pẹ̀lú àwọn bíríkìlà, gbẹ́nàgbẹ́nà àti oníṣẹ́ ọnà Òṣogbo ló tún ojúbọ mọ, tí wọ́n sì mọ ère sí ibi tí wọ́n fẹ́ gbà mọ́ igbó lọ́wọ́. Òfin tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn: ìjọba sọ apá kan igbó di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1965, ó sọ gbogbo hẹ́kítà 75 dà bẹ́ẹ̀ ní 1992, UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, sì kọ ọ́ mọ́ ogún àgbáyé ní 2005.

Ogún àṣà ni UNESCO kọ ọ́ sí, wọn ò kọ ọ́ sí ogún ẹ̀dá. Ọgbọ́n ńlá ni. Ìsìn àwọn ọlọ́ṣun wà lára ohun tí wọ́n ń dáàbò bò, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè lé wọn jáde kó ní òun ń tọ́jú igi. Ibòmíràn kò rí bẹ́ẹ̀. Ní Kẹ́ńyà, wọ́n lé àwọn Ogiek, ẹ̀yà tó ń gbé inú igbó Mau, kúrò níbẹ̀ lórúkọ ìtọ́jú àyíká, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn Áfíríkà ní Arusha dá wọn láre ní 2017.

Omi ló le jù. Ọ̀ṣun ti Èkìtì ṣàn wá, ó gba ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kọjá kó tó dé Òṣogbo, ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà yìí ni wọ́n sì ti ń wa wúrà. Awakùsà á gbẹ́ etí odò, á da yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ sórí pákó tó dagẹ̀rẹ̀, á wá fi ẹ̀rọ fa omi lé e. Wúrà wúwo, á dúró. Ẹrẹ̀ á padà sódò, odò á sì pọ́n rúsúrúsú. Níbi tí wọ́n bá ti fi mẹ́kúrì, irin olómi tó jẹ́ májèlé, mú wúrà kéékèèké, èyí tó ṣẹ́ kù á rì sísàlẹ̀ odò, àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ẹrẹ̀ á yí i padà sí irú èyí tó ń wọ ara ẹja. Ẹja ńlá ń jẹ ẹja kékeré, nítorí náà ẹja tó bá dàgbà jù ni mẹ́kúrì máa ń pọ̀ lára rẹ̀ jù. Álọ́ọ̀mù á mú kí omi tòrò, ṣùgbọ́n kò ní kó mẹ́kúrì tó ti yòrò kúrò. Sísè náà kò ràn án.

Ní 2022 ìjọba ìpínlẹ̀ kìlọ̀ kí wọ́n má mu omi odò náà. Ìkìlọ̀ tó tọ́ ni, ṣùgbọ́n àgbo ni omi Ọ̀ṣun jẹ́ fún ẹni tó ń sìn ín. Bí ajàfáyíká bá dé tí kò ní ọ̀rọ̀ mìíràn ju "ẹ má mu ún" lọ, ẹni tó pa èèwọ̀ mọ́ ló bá wí, ó fi ẹni tó da odò rú sílẹ̀.

Òfin ìwakùsà ti 2007 kò fàyè gba wíwa kùsà lórí ilẹ̀ mímọ́. Ó tún ní kí ẹni tó gba ìwé àṣẹ ìwakùsà bá àwùjọ tó gbà á lálejò ṣe àdéhùn kó tó bẹ̀rẹ̀. Àbùkù rẹ̀ ni pé ibi tí kòtò wà ló ń béèrè, kò béèrè ibi tí omi ń ṣàn lọ. Òṣogbo tó ń gba ẹrẹ̀ kò sí nínú àdéhùn. Ilé tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ gbọn-in ni, òrùlé rẹ̀ ló ń jò. Àwọn tí kò gbàwé àṣẹ rárá kò tilẹ̀ bá ẹnikẹ́ni ṣàdéhùn.

Ibí ni ajàfáyíká àti ọlọ́ṣun ti nílò ara wọn. Kí ẹ̀rí lè dúró, ọjọ́ kan náà ni wọ́n gbọ́dọ̀ bu omi lókè kòtò, nísàlẹ̀ kòtò àti létí igbó, nígbà òjò àti nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí wọ́n sì bu ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ odò mọ́ ọn, torí omi nìkan lè fi mẹ́kúrì pamọ́. Ẹja inú igbó kò ṣeé mú. Ẹni tó bá fẹ́ yẹ ẹja wò, kó mú un lẹ́yìn ààlà igbó, lẹ́yìn tó bá ti tọrọ àyè. Àwọn ìyálórìṣà tó wà létí odò ló sì lè sọ ọjọ́ tí àwọ̀ omi yí padà. Bí odò bá pọ́n nígbà tí òjò kò rọ̀ lókè, ẹnì kan ti ń fọ yanrìn níbì kan, ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kí wọ́n lọ bu omi.