Bí Ọkọ̀ Ẹlẹ́ńjìnì Ṣe Ń Kọjá Lára Apẹja Lórí Ọ̀sà

Láàárọ̀, kí oòrùn tó mú, ọkọ̀ fáíbà kan gbéra ní èbúté Ìpakodò ní Ìkòròdú, ó forí lé Èkó. Èrò kún inú rẹ̀, oníkálukú ti so láìfù jákẹ́ẹ̀tì mọ́ra, àwọn kan ti ń tòògbé. Lápá ọ̀tún, bàbá kan dúró lórí ọkọ̀ igi tẹ́ẹ́rẹ́. Ó fi eyín di etí àwọ̀n kan mú, ìyókù àwọ̀n wà ní èjìká àti lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wo ibi tí yóò jù ú sí. Ọkọ̀ fáíbà kọjá fìrì. Kò kàn án, kò tilẹ̀ súnmọ́ ọn. Atukọ̀ ti gbàgbé pé òun rí ẹnì kan. Kí ènìyàn tó ka ení, èjì dé ogún, ìgbì dé. Bàbá tu àwọ̀n sílẹ̀ lẹ́nu, ó lóṣòó wọ̀ọ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí ọkọ̀ mú, omi rọ́ wọlé. Kó tó gbọ́n omi yẹn tán, ẹja tó ń ṣọ́ ti bá tirẹ̀ lọ.

Inú ìwọ̀nba ogún ìṣẹ́jú-àáyá yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Kì í sábà jẹ́ ọkọ̀ gan-an ló ń pa apẹja lára. Ohun tí ọkọ̀ fi sílẹ̀ lẹ́yìn ni, ó sì máa ń dé nígbà tí ẹni tó fi í sílẹ̀ ti lọ jìnnà. Atukọ̀ tó bá ń sọ pé "mi ò gbá a" kò tíì wí nǹkan kan.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí eré bá ṣe pọ̀ tó ni ìgbì ẹ̀yìn ọkọ̀ ṣe máa ga tó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ń yọ́ lọ, ńṣe ló ń la omi pẹ̀lẹ́, ìgbì rẹ̀ kò ju kí omi rú díẹ̀ lọ. Bí atukọ̀ bá wá ṣíná, ìyẹn kó fún ẹ́ńjìnì lágbára sí i, imú ọkọ̀ á gbé sókè, ìdí rẹ̀ á rì, ọkọ̀ á máa ti omi síwájú bí ẹni ń ti ògiri. Ibí yìí ni ìgbì ti ń ga jù. Bó bá tún tẹ iná sí i, ọkọ̀ á gun orí omi, imú á wálẹ̀, á wá máa fò. Ìgbì tó ń fi sílẹ̀ nígbà náà kéré sí ti ìgbà tó ń ti omi. Ipò mẹ́ta ni: yíyọ́, títì, fífò. Èyí àárín ló ń rì ọkọ̀ ọlọ́kọ̀.

Ẹ wá wo ohun tí atukọ̀ tó fẹ́ ṣe dáadáa sábà máa ń ṣe. Ó ń fò bọ̀, ó rí apẹja níwájú, ó dúró dìgbà tó kù díẹ̀ kó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó wá dín iná kù díẹ̀. Ọkọ̀ jábọ́ láti orí omi, ó bọ́ sínú títì, ní ẹ̀gbẹ́ apẹja gan-an. Ọ̀wọ̀ ló fi rì í. Kí ó máa fò lọ láti ọ̀nà jíjìn ìbá sàn ju ìyẹn lọ. Ẹni tó bá fẹ́ dín eré kù ní láti bẹ̀rẹ̀ láti òkèèrè, kó sì dín in títí imú ọkọ̀ á fi tẹ́ pẹrẹsẹ tí omi ẹ̀yìn rẹ̀ á fi rọ̀. Kó má sì pa iná lójijì, nítorí ìgbì tirẹ̀ tó ń tọ̀ ọ́ bọ̀ kò ní búrẹ́ẹ̀kì: á bá a, á gun ìdí ọkọ̀, á da omi lé àwọn tó jókòó sẹ́yìn lórí. Nígbà tí ó bá sì ti kọjá apẹja tán, kò ní ṣíná lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹni tó ṣíná ní mítà mẹ́wàá sí ìdí ọkọ̀ igi ti ba gbogbo sùúrù tó ti ṣe jẹ́, torí kí ọkọ̀ tó tún fò, ó di dandan kó kọ́kọ́ gba inú títì kọjá.

Ìjìnnà nìkan kò tó láti fi ṣe ààbò. Ìgbì ọkọ̀ máa ń pẹ́ kó tó kú. Nínú omi tó jìn, bí ìjìnnà bá di ìlọ́po méjì, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún péré ló ń dín lára gíga ìgbì. Ìyẹn ni pé ìgbì tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 50 ní mítà 30 sí ọkọ̀ á ṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 40 ní mítà 60. Etí ọkọ̀ igi tí ẹja àti àwọ̀n wà nínú rẹ̀ lè má ga tó bẹ́ẹ̀ sí omi.

Ọ̀sà Èkó tún ní tirẹ̀ tó ń bá a jà. Ibi púpọ̀ nínú rẹ̀ kò jìn ju mítà 2 sí 3 lọ, àfi ojú ọ̀nà tí wọ́n gbẹ́ fún ọkọ̀ òkun. Omi tí kò jìn kì í jẹ́ kí ìgbì sáré kọjá ìwọ̀n kan. Níbi tó jìn ní mítà 2, ìgbì kò lè sá ju nǹkan bíi kìlómítà 16 ní wákàtí kan lọ. Ọkọ̀ tó bá ń sá irú eré yẹn gan-an ń bá ìgbì tirẹ̀ rìn ní ẹsẹ̀ kan náà, omi á máa ṣù jọ síwájú rẹ̀, ìgbì á ga, á sì dúró ṣánṣán. Ó yani lẹ́nu pé kìlómítà 16 yìí kì í jọ eré lójú èrò inú ọkọ̀. "A kàn ń rọra lọ ni" ni wọ́n máa ń pè é.

Àmọ́ kí atukọ̀ tó ro ti iná, ó ní láti kọ́kọ́ mọ irú iṣẹ́ tí apẹja tó rí yẹn ń ṣe, nítorí irinṣẹ́ apẹja gùn ju ọkọ̀ rẹ̀ lọ fíìfíì, púpọ̀ nínú rẹ̀ ni ojú kò sì rí.

Ẹni tó ń ju àwọ̀n bí i ti bàbá ìṣáájú ló rọrùn jù láti mọ̀. Kò ní ju ìwọ̀n mítà mélòó kan tó ń lò yí ara rẹ̀ ká. Ìdúró rẹ̀ nìkan ni ewu ibẹ̀. Ẹni tó wà lórí ìdúró lórí igi tó ń mì kò ṣeé fì láti ẹ̀gbẹ́. Bó bá rí ọkọ̀ tó ń bọ̀ ní kùtùkùtù, á fi àjẹ̀ yí imú ọkọ̀ rẹ̀ sí ibi tí ìgbì yóò gbà wá, kó lè gùn ún kọjá. Ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ tó fi ń yí imú yẹn ni atukọ̀ ń fún un nígbà tó bá dín eré kù láti òkèèrè.

Ẹni tó ta àwọ̀n sínú omi kò lè yí bẹ́ẹ̀. Okùn àwọ̀n ti so ọkọ̀ rẹ̀ mọ́ ibi kan. Àwọ̀n náílọ́ọ̀nù bẹ́ẹ̀ lè gùn tó ọgọ́rùn-ún mítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ: òjé ń fà á sísàlẹ̀, ohun tó ń léfòó ló gbé e dúró lókè. Lórí ọ̀sà, ohun tó ń léfòó yìí kì í ṣe nǹkan olówó ńlá. Kẹ́ẹ̀gì òróró ni, ike omi tí wọ́n dé ní ìdérí pinpin, tàbí sílípáàsì tí wọ́n gé wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Àlejò á rò pé pàǹtírí ni. Kẹ́ẹ̀gì kan ṣoṣo tó bá ń ṣàn lọ pẹ̀lú omi lè jẹ́ pàǹtírí lóòótọ́. Àmọ́ èyí tó dúró sójú kan nígbà tí omi ń ṣàn ti ní okùn nídìí. Bí méjì bá tò sí ìlà kan, àwọ̀n wà láàárín wọn títí a ó fi mọ̀ pé kò sí. Lásìkò òjò tí iyọ̀ omi bá dín kù, koríko omi tí wọ́n ń pè ní water hyacinth, tó wọ omi Nàìjíríà láti ìhà orílẹ̀-èdè Bìnì (Benin Republic) ní 1984, máa ń ya wọ inú ọ̀sà, á sì bo àwọn kẹ́ẹ̀gì wọ̀nyí mọ́lẹ̀. Nígbà náà, ẹni tó bá rí ọkọ̀ igi tó dá dúró láìsí pé ẹnikẹ́ni ń wà á kó yáa gbà pé àwọ̀n wà nítòsí.

Ẹni tó ń fi ìwọ̀ pẹja tó sì ti dákọ̀ró, okùn ìdákọ̀ró rẹ̀ wà níwájú, okùn ìwọ̀ rẹ̀ sì sábà máa ń tẹ̀ lé ìṣàn omi lọ sẹ́yìn. Ẹ̀gbẹ́ ni ibi tó dára jù láti gbà kọjá lọ́dọ̀ tirẹ̀, kó sì jìnnà dáadáa. Bó bá tiẹ̀ dà bíi pé ọ̀nà wà lẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀, kí atukọ̀ kọ́kọ́ wo ibi tí okùn náà na ara sí.

Ní ti ta ni kó yà fún ta, òfin ìrìnnà ojú omi àgbáyé ti 1972, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1977, ti sọ ọ́: ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnì ló ń yà fún ọkọ̀ tó ń pẹja lọ́wọ́. Èyí tó ń pẹja lọ́wọ́ níbí ni èyí tí irinṣẹ́ rẹ̀ kò jẹ́ kó lè yí bó ṣe wù ú. Ẹni tó kàn ń wọ́ ìwọ̀ tẹ̀ lé ọkọ̀ tó ń lọ kò sí lára wọn. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnì méjì tó bá kọjú síra wọn ń yà sọ́tùn-ún, kí wọ́n lè fi òsì kọjá lára òsì; ẹni tó bá ń ré ẹlòmíràn kọjá ló ni ẹrù yíyà lọ́rùn. Òfin yẹn tún ní kí yíyà náà hàn gbangba sí ẹni kejì. Yíyà tíntìntín lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kò ṣe é lóore, torí apẹja kò ní mọ̀ bóyá ọkọ̀ ti yà tàbí ìgbì ló tì í. Ẹ̀ẹ̀kan ni kó yà, kó sì yà dáadáa.

Àwọn apẹja pàápàá kò mọ́ pátápátá nínú ọ̀rọ̀ yìí. Òfin kan náà ló ní ọkọ̀ tó ń pẹja kò gbọdọ̀ dí ọ̀nà mọ́ ọkọ̀ tó ń gba ojú ọ̀nà tóóró kọjá. Ẹni tó ta àwọ̀n dí àárín òpó afárá níbi tí ọkọ̀ èrò ń gbà, tàbí tó ta á sẹ́nu ọ̀nà èbúté, ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa ìjàngbọ̀n. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ẹja fẹ́ràn ìdí òpó, ibẹ̀ ló ti ń rí oúnjẹ àti ibi ìsápamọ́sí. Ọkọ̀ èrò náà kò sì ní ọ̀nà míràn. Ọ̀rọ̀ ẹnu ló kù níbẹ̀. Atukọ̀ tó mọ iṣẹ́ á fi ẹ́ńjìnì sí fíríì láti òkèèrè, á ké sí i:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá! Apá ibo ni kí n gbà?"

Bàbá á na àjẹ̀ sí ibi tí àwọ̀n parí sí. "Gba ọwọ́ òsì, ọmọ mi. Rọra o, àwọ̀n ṣì kù díẹ̀ níbẹ̀ yẹn." Kò gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fọn fèrè dípò kó kí i á gba ìdáhùn tó bá fèrè mu.

Ariwo náà ní iye tirẹ̀. Ohùn ń rìn nínú omi ní nǹkan bíi mítà 1,500 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìlọ́po mẹ́rin ohun tó ń rìn nínú afẹ́fẹ́ àti lé díẹ̀. Ẹja kò ní etí níta bí i tiwa, àmọ́ ó ń gbọ́, ìlà kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀ tó fi ń mọ̀ bí omi bá mì. Èpìyà tó wà nínú omi mítà kan ààbọ̀ kò níbi tí yóò sá wọ̀ nísàlẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ló ń sá sí, kúrò níbi tí àwọ̀n wà.

Lóru, nǹkan yí padà. Àwọn aláṣẹ ti fòfin de kíkó èrò lórí omi lóru, àmọ́ òru gan-an ni ọ̀pọ̀ apẹja ń ṣiṣẹ́. Òfin àgbáyé fẹ́ kí ọkọ̀ tó ń pẹja gbé iná pupa sókè, kí funfun wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ọkọ̀ igi wo ló ní ìyẹn? Òfin kan náà fi ojú àánú wo ọkọ̀ alájẹ̀: ó ní kí tọ́ọ̀ṣì oníná funfun wà nítòsí ọwọ́ rẹ̀, kó tàn án kí ọkọ̀ míràn tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nítorí náà, iná kékeré tó tàn tó kú lórí ọ̀sà lóru, ènìyàn ni.

Bí a bá kọjá sí ìhà orílẹ̀-èdè Bìnì, lórí adágún Nokoué lẹ́bàá Kútọnu, níbi tí ìlú Ganvié wà lórí omi, ohun tí atukọ̀ gbọ́dọ̀ yẹra fún tún yàtọ̀. Àwọn apẹja ibẹ̀ máa ń ri ẹ̀ka igi mọ́ ilẹ̀ omi tí kò jìn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀ka, wọ́n ń pè é ní akaja. Ẹja á wá sá sí i, á máa jẹ ohun tó hù lára igi, á bímọ síbẹ̀. Nígbà tó bá yá, olóko á fi àwọ̀n yí i ká, á kórè. Oko ni, ó lólúwa. Ọ̀nà ọkọ̀ wà láàárín akaja kan sí èkejì bí ọ̀nà oko ṣe máa ń wà láàárín ebè ẹni méjì. Ẹni tó bá gé e kọjá kì í ṣe pùròpẹ́là rẹ̀ nìkan ló ń fi wewu.

Nígbà míràn, gbogbo ìṣọ́ra ò sì ní dí i kí àwọ̀n má wé mọ́ pùròpẹ́là. Ẹ́ńjìnì á yí ohùn padà, á kù, ọkọ̀ á dúró. Ọ̀pọ̀ ọmọọṣẹ́ á ti fa ọ̀bẹ yọ. Kò yẹ bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n pa iná pátápátá, kí wọ́n gbé ìdí ẹ́ńjìnì sókè kúrò nínú omi, kí wọ́n sì fi ọwọ́ yí pùròpẹ́là padà sí òdìkejì bó ṣe wé e. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ló máa ń tú. Bó bá kọ̀ jálẹ̀, kí wọ́n dúró de ẹni tó ni àwọ̀n, kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ han ibi tí wọ́n á gé. Okùn òkè tí àwọn kẹ́ẹ̀gì so mọ́ ni ẹ̀mí àwọ̀n: bí wọ́n bá gé e sí méjì tí ibi tó já kò sì ní ohun tó ń léfòó, òjé á fà á lọ sísàlẹ̀. Náílọ́ọ̀nù kì í sì jẹrà bọ̀rọ̀. Á máa mú ọ̀bọ̀kún àti akàn nísàlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, láìsí ẹni tí yóò kó wọn. Bí ẹni tó ni àwọ̀n bá dé, àwọn èrò inú ọkọ̀ á máa kùn pé wọ́n ti pẹ́ ibi iṣẹ́. Kí atukọ̀ dá wọn lóhùn pẹ̀lẹ́, kó má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bú bàbá tó tẹ̀ sórí ìdí ọkọ̀ tó ń tú àwọ̀n rẹ̀ ní ojú kọ̀ọ̀kan.